Kíkà Ló Ń Ṣáájú Wíwó

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lóṣù yìí tí a ò lè gbójú fò dá. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìlú wa tí ojú irin gbà kọjá, wọ́n fẹ́ wó ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ibi tí gbogbo wa ń pè ní la gare. A ò ní dárúkọ ìlú náà níhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú àwọn àgbà, a ò sì fẹ́ bu epo síná. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Àwọn kan ti wá fi okùn wọn ilẹ̀ náà níbùú àti lóròó. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bèèrè, wọ́n ní ilé tí kò wúlò mọ́ ni, katapílà máa dé láìpẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wa, ojú ibẹ̀ gbóná díẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó tó àsìkò. Àwọn kan mi orí. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní: “Ẹ bá mi bi wọ́n, òkúta tí bàbá mi fi orí rù débẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ kó o fún?” Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ àwa tí a fi gbogbo ayé wa ṣiṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó kọ ìwé yìí. Èrò tiwa kò le. A ò sọ pé kí wọ́n má wó ilé kankan láéláé. Ilé kì í ṣe òrìṣà. Ohun tí a ń sọ ni pé a kì í wó ohun tí a ò tíì kà. Kíkà ló ń ṣáájú wíwó.

TA LÓ KỌ́ Ọ?

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń sọ pé òyìnbó ló ṣe ojú irin. Òyìnbó ló yà á sórí ìwé lóòótọ́. Ọdún 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu. Kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, irin ti dé Sabẹ lápá òkè, ẹ̀ka kejì tó gba Àjàṣẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́ sì ti dé Pobẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930, irin Sabẹ dé Pàràkú, ó sì dúró síbẹ̀, kìlómítà 438 láti Kútọnu. Niger tí wọ́n ní àwọn ń lọ, irin yẹn ò dé ibẹ̀ títí dòní.

Ẹ ka orúkọ àwọn ìlú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: Ṣàkẹ́tẹ́, Pobẹ̀, Ìdáàṣà, Sabẹ. Ilẹ̀ wa ni irin náà gbà kọjá. Ta ló gbẹ́ ilẹ̀ náà? Ta ló fọ́ òkúta? Ta ló ru pákó tí wọ́n to irin lé lórí? Àwọn bàbá wa ni, àti bàbá àwọn bàbá wa. Láyé ìjọba Faransé, iṣẹ́ ipá wà. Bí kọmandà bá ní kí abúlé mú ọkùnrin wá, olórí abúlé gbọ́dọ̀ mú wọn wá. Ẹni tó bá kọ̀, ìyà ń dúró dè é, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, torí òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat fún kọmandà lágbára láti dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin fòpin sí iṣẹ́ ipá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ má gbàgbé àwọn Òhòrí ẹ̀bá Pobẹ̀, tí wọ́n dìde sí ìjọba Faransé ní 1914 àti 1915. Wọn kì í ṣe olórí kunkun bí àwọn ìwé kan ṣe fẹ́ ká gbà. Owó orí, iṣẹ́ ipá, àti kíkó tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sógun tí kì í ṣe tiwọn ló sú wọn. Ọdún mélòó kan péré ni irin fi ṣáájú ogun yẹn dé Pobẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ibùdó ọkọ̀ náà, tó rí bíríkì nìkan, kò tíì rí i.

Kí ló ń gba inú ilé ìkẹ́rùsí náà kọjá? Èkùrọ́, epo pupa, òwú, ẹ̀pà. Gbogbo ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ wa bá ká, ibẹ̀ ló ń gbà lọ sí etí òkun. Òṣùwọ̀n ńlá kan wà láàárín ilé. Àgbẹ̀ á gbé ẹrù rẹ̀ lé e, akọ̀wé á wò ó, á kọ iye tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti kọ́ pé òṣùwọ̀n náà lè purọ́. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan nínú wọn ti pinnu pé ọmọ àwọn gbọ́dọ̀ kàwé, kí òun náà lè mọ ohun tí akọ̀wé ń kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí, èso ìpinnu yẹn ni wá.

Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a bá ojú irin nígbà tó ṣì ń mí. Ní 1959 ni Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dàhọ̀mì nígbà náà, àti Niger da iṣẹ́ yẹn pọ̀, tí wọ́n dá OCBN sílẹ̀. Kò sí agogo nínú ọ̀pọ̀ ilé. Fèrè ọkọ̀ ni agogo. Bí a bá ti gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ìyá wa á ti gbé igbá lérí: ẹni tó se iṣu, ẹni tó pọ́n ẹ̀kọ, ẹni tó din wàrà Fúlàní, ẹni tó bó ọsàn. Wọ́n á sáré lọ sábẹ́ fèrèsé ọkọ̀, wọ́n á na ọjà sókè, wọ́n á gba owó kí kẹ̀kẹ́ tó yí. Owó yẹn ló ra ìwé àti aṣọ ilé ìwé fún wa. Ẹni tó bá wọ lísẹ́ nínú wa, ojú irin ló gbà lọ, àpótí páànù lórí, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà ọ̀dà dára, irin ń gbó, owó àtúnṣe ò sí. Ọkọ̀ èrò dákẹ́. Ní 2014 àti 2015, wọ́n tún ní irin yóò jí, ilé-iṣẹ́ Bolloré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú wa dùn. Ẹjọ́ bọ́ sáàárín àwọn tó ń du iṣẹ́ náà, iṣẹ́ sì dúró. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ibùdó wa ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wojú ọ̀run.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ FẸ́ WÓ O Ń SỌ

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo. Àwọn tó fẹ́ kí ilé náà lọ ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà kì í sì í ṣe irọ́. Wọ́n ní ejò ti ń gbé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń mu igbó ti sọ ọ́ dilé, àti pé ọmọbìnrin ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ògiri kan ti là, bó bá wó lu ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, ta ni yóò dáhùn? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọ̀dọ́ sì ní àwọn ń wá ibi tí àwọn máa ti tajà, tí àwọn máa ti ránṣọ, tí àwọn máa ti tún ọ̀kadà ṣe. Ilé àwọn òkú ò lè máa gba ààyè lọ́wọ́ alààyè. A gbọ́. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yìí ò já mọ́ nǹkan, kì í ṣe ọmọ ìlú.

Wọ́n tún pa òwe fún wa nínú ìpàdé pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pa á tán. Ilé ọba tó jó ń bu ẹwà nítorí pé gbogbo ìlú ló máa ń péjọ láti tún un kọ́, ọba ló sì tún máa ń gbé inú rẹ̀. Bí ilé ọba bá jó tí wọ́n wá pín ilẹ̀ rẹ̀ fún olówó mẹ́ta, ẹwà wo ló bù sí i?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilé àtijọ́ yẹn kò sí nínú igbó. Ó wà létí ọ̀nà, ó wà nítòsí ọjà, ilẹ̀ tó yí i ká sì ti di wúrà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, àwọn agbo ilé tó ni ilẹ̀ ò tà á. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ gbogbo ìlú. Bí iṣẹ́ gbogbo ìlú bá ti parí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ gbogbo ìlú ló yẹ kí ọ̀rọ̀ padà sí. Kò yẹ kó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Àwa tí a ti jókòó sí bíró ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀ láìtún un ṣe. Òrùlé á jò. Ẹnì kan á yọ páànù, ẹlòmíì á yọ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní ó ti di ewu. Nígbà tó bá di ewu, wọ́n á ní kí wọ́n wó o. Nígbà tí wọ́n bá wó o tán, ilẹ̀ á ṣófo. Ilẹ̀ tó ṣófo kì í pẹ́ kó tó rí olúwa. Kò sẹ́ni tó jalè níbì kankan lórí ìwé, ṣùgbọ́n ohun ìlú ti lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń pàtẹ́wọ́ fún katapílà, ká bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́: ṣé wọ́n ti fi ìwé hàn yín pé ẹ̀yin ni ṣọ́ọ̀bù máa kàn? Bí ìwé ò bá sí, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ẹ WO KAMINA

Ẹnì kan lè ní: kí ni ìran wa rí nínú àwókù? Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Tógò, lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Atakpamé, ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ síbi tí wọ́n ń pè ní Kamina.

Láàárín 1911 sí 1914, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà kọ́ ibùdó rédíò ńlá kan síbẹ̀. Òpó irin gíga-gíga ló gbé wáyà rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ tó ń fi oruku omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ló ń fún un ní iná mànàmáná. Ojú irin tó ti Lomé wá ni ẹrù rẹ̀ gbà dé. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè máa bá ibùdó Nauen sọ̀rọ̀, nítòsí Berlin, láti ibi tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà lọ, kó sì máa bá àwọn ilẹ̀ Jámánì yòókù ní Áfíríkà àti àwọn ọkọ̀ ojú omi wọn sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ogun dé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọ Tógò ní oṣù kẹjọ 1914. Nígbà tí àwọn Jámánì rí i pé ó ti bọ́, àwọn fúnra wọn ló fọ́ ibùdó náà ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù kẹjọ, kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọjọ́ 26 ni wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, òru kan ló gbà á.

Lónìí, ìpìlẹ̀ àwọn òpó àti àwókù ẹ̀rọ ló kù níbẹ̀. Àlejò ṣì ń wá wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó darí iṣẹ́ náà, ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé: Anton Codelli, ẹni tó wá láti ìlú Ljubljana. Ẹ máa rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, Telefunken. Ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ tó gbé irin yẹn gun òkè, tó po símẹ́ǹtì, tó gbẹ́ ihò fún ìpìlẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí mẹ́wàá. Àwókù wà níbẹ̀ tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Àwọn tó kọ́ ọ ni kò sí nínú ìwé, nítorí pé nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n láti bèèrè.

Ohun tí a rí kọ́ ní Kamina nìyí. Ìwólulẹ̀ tó burú jù kì í ṣe ti ògiri. Ògiri lè wó, ká ṣì mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ bá lọ láìsọ, àwókù á wà lójú wa, a ò sì ní mọ̀ pé tiwa ni. Bàbá tó bi wá ní ìbéèrè nínú ìpàdé mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ orúkọ àwọn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ lọ. Àwa ò tíì kọ wọ́n sílẹ̀ kí katapílà tó máa bọ̀. Kí la wá ń pè ní ẹgbẹ́?

ÒFIN WÀ, ṢÙGBỌ́N ÒFIN Ò LẸ́SẸ̀

Àwọn kan ní kí a má ṣèyọnu, pé òfin wà. Lóòótọ́, òfin wà. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin nómbà 2007-20 ti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2007 lórí ààbò ohun àjogúnbá, ó sì tún ṣe òmíràn ní oṣù kẹwàá 2021. Tógò ti ní tirẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1990. Wọ́n fàyè gbà á kí a kọ ilé tàbí ibi ìtàn sínú ìwé àkójọ, kí a sì dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n òfin ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló máa gbé e rìn. Ilé tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òfin ò mọ̀ ọ́n.

Kíkọ orúkọ sílẹ̀ nìkan ò sì tó. Ẹ wo Èkó. Ilé kan wà ní Tinúbu tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ilé ìdílé Fernandez, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn tó ti Brazil bọ̀ kọ́, irú èyí tí ojú wa mọ̀ dáadáa ní Àjàṣẹ́. Láti 1956 ni ìjọba Nàìjíríà ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án 2016, nígbà tí bíró ti tì, tí ọdún Iléyá sì ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìwé ìkéde fi wà nínú dúró. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi wó o. Nítorí náà, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ ṣọ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣọ́ ọjọ́ ọdún.

Ìlú Èkó náà ló fi ọ̀nà kejì hàn wá. Ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé òṣìṣẹ́ àgbà ọkọ̀ ojú irin kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Jaekel House ni orúkọ rẹ̀. Ó ti gbó, ó ti bà jẹ́, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n wó o. Ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú kan, Legacy 1995, tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun ìrántí ọkọ̀ ojú irin sínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi tiwa ni, kì í ṣe ìjọba. Ó dá wa lójú pé ohun tí wọ́n ṣe, a lè ṣe é.

Àwa gan-an ò sì jìnnà sí ọgbọ́n. Láti 1998 ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ohun àjogúnbá, École du Patrimoine Africain, ti wà ní Àjàṣẹ́ wa. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ń ti òkèèrè wá kàwé níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ọba Dàhọ̀mì 26 padà, gbogbo wa la jó, gbogbo wa la yọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ẹni tó ń sunkún ohun tí wọ́n gbé lọ, tó wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ èyí tó kù nílé, kí ni ká pè é?

ÀWA NÁÀ JẸ̀BI

A ò lè máa na ìka sí ẹlòmíràn nìkan. Lára àwọn páànù tó ti kúrò lórí ilé yẹn, mélòó ló wà lórí ilé àdìyẹ wa? Irin tí wọ́n ti gé, mélòó ló ti di ọ̀pá ilẹ̀kùn wa? Àwa tí a sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé àwọn ilé wọ̀nyí kọjá lórí tábìlì wa, a tẹ òòtẹ̀ lé e, a fi í sínú àpótí, a lọ jẹun ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó rán wa láti bèèrè, a ò sì bèèrè. Ẹ̀yin ìjòyè náà, ẹ má bínú sí wa: nígbà mìíràn, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ láìka ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, nítorí pé ẹni tó gbé e wá mú ọtí dání. Ọ̀rọ̀ ilé ni. A ń sọ ọ́ kí a lè tún un ṣe.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

A mọ̀ pé ìbínú nìkan ò gba ilé là. Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè nìyí, a sì fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jíròrò lé e lórí kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.

Èkíní, kí méèrì kọ̀múùnù tí ọ̀rọ̀ kàn dá iṣẹ́ katapílà dúró títí a ó fi ṣe ìpàdé gbangba. Kí ọba wà níbẹ̀, kí àwọn ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé han gbogbo wa: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ní kí wọ́n wó ilé, kí ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀.

Èkejì, kí a ka ilé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta: àgbà kan tó mọ ìtàn, bíríkìlà tàbí káfíńtà kan tó mọ ara ilé, àti ọ̀dọ́ kan tó mọ fọ́tò yà. Kí wọ́n wọn ilé, kí wọ́n yà á síta àti nínú, kí wọ́n kọ ohun tó kù níbẹ̀: òṣùwọ̀n, agogo, pátákó orúkọ, irin, ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ibùdó ọkọ̀ ojú irin nìkan. Ẹ ka ilé ìfúnpo àtijọ́, ilé ìkówùú, ilé oníṣòwò òyìnbó tó wà lẹ́bàá ọjà.

Ẹ̀kẹta, kí a ka ènìyàn. Èyí ló ṣe kánjúkánjú jù. Ògiri lè dúró fún ogún ọdún sí i. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lè má dúró. Kí àwọn ọmọ wa tó ní fóònù lọ bá àwọn àgbà nílé, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá rántí pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A máa tẹ àwọn orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn yìí, láti ìlú dé ìlú, títí wọn ó fi tán.

Ẹ̀kẹrin, ilé tí ògiri rẹ̀ bá dúró dáadáa, kí a wá iṣẹ́ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá ṣọ́ọ̀bù; ilé ìkẹ́rùsí tó gùn, tó ga, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀, kí ló dé tí kò lè di ọjà wọn, ibi ìkọ́ṣẹ́ wọn, tàbí ilé ìkàwé? Ó rọrùn láti kan páànù tuntun ju kí a fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí kò bá ṣeé gbà là, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ilé bá wò ó tí wọ́n sì ní ewu ni, kí wọ́n wó o. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí agogo rẹ̀ àti pátákó rẹ̀ wá sí ààfin, kí wọ́n fi òkúta rẹ̀ díẹ̀ mọ ọwọ̀n kan síbẹ̀ tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yóò wà lára rẹ̀, kí ilẹ̀ náà sì máa jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e tà.

Ẹ̀yin ọba wa, ọ̀dọ̀ yín la ń fi ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ̀yin lẹ ni ẹnu tí méèrì àti prefẹ́ kò lè ṣàìgbọ́. Ìdìbò máa ń wá, ìdìbò máa ń lọ, méèrì ń yí padà. Ààfin kì í yí padà. Bí ẹ bá sọ pé “ẹ dúró ná”, wọ́n á dúró. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á ní ọba ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ fi òkú dí yín lọ́nà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí la fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́, kí ẹ mọ ẹni tó rán an, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa tún un rán tàbí ẹ máa jù ú nù.

Ní ti bàbá wa tó béèrè ìbéèrè, a ti rán ọ̀dọ́ méjì sí i lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Orúkọ márùn-ún ló kọ́kọ́ dá. Kí wọ́n tó dìde nílé rẹ̀, orúkọ náà ti di mẹ́tàdínlógún. A ti kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwé wa ṣì fẹ̀. Ẹ mú tiyín wá.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ilẹ̀ wa bà jẹ́ lójú wa. Àṣẹ.